Kí Sáńpépà Tó Kan Táǹkì: Bí A Ṣe Ń Wá Àwọ̀ Àkọ́kọ́ Alùpùpù Àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú dánfó, ẹ̀yin tí ẹ wà níbi iṣẹ́ tí ẹ fi íápíìsì sí etí kan ṣoṣo kí ọ̀gá má baà fura, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù nítorí pé dátà ti fẹ́ tán, gbogbo yín pátá ni mo kí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀dà ilé o. Ọ̀dà ara alùpùpù àtijọ́ ni, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní máṣíìnì.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní bàbá òun tó ti di olóògbé fi Honda CB kan sílẹ̀, tí wọ́n rà ní nǹkan bí ọdún 1973. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì. Wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ti ń dún padà. Pẹ́ńtà wá ní kí ó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò họ gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ dé irin, òun yóò sì fín in ní pupa tó ń dán yanran. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, pupa wo ni kí n ní kí wọ́n lò? Màámi ní pupa tó wà lára ẹ̀ báyìí kọ́ ni pupa tí Dádì ń gùn nígbà tí wọ́n fi ń wá wọn wá sílé."

Àbúrò mi, má gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyẹn ni èsì mi. Ọ̀dà tí pẹ́ńtà fẹ́ họ dànù yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù. Bí sáńpépà bá ti gbá a lọ, kò sí fọ́tò, kò sí ìwé, kò sí ẹnu àgbà tó lè sọ pupa tó jẹ́ gan-an mọ́. Ó kéré tán, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí màmá yẹn ti sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọ̀ tí ẹ ń wò lára máṣíìnì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ti yàtọ̀ sí èyí tó gbé jáde ní ilé iṣẹ́. Oòrùn ti pa á, òjò ti pa á, bẹntiróòlù ti ṣàn lé e lórí, àkísà tí wọ́n fi ń nù ún láràárọ̀ ti mú díẹ̀ lọ níbẹ̀. Pupa lè máa lọ sí àwọ̀ ọsàn, ó sì lè ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n máa ń fín gbẹ̀yìn kí ara rẹ̀ lè dán, òun náà máa ń pọ́n bó bá ti ń gbó. Tó bá wà lórí búlúù, búlúù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ àwọ̀ ewé. Tó bá wà lórí funfun, ẹ óò rò pé àwọ̀ mílíìkì ni wọ́n fi kùn ún láti ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn èèyàn ṣe ń gbé táǹkì tó ti ṣá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, tí wọ́n á ní, "Ẹ bá mi po irú eléyìí." Wọ́n á po irú ẹ̀ fún wọn lóòótọ́: ọ̀dà tuntun tó jọ ọ̀dà tó ti gbó. Wọ́n á gbé e délé, inú wọn á dùn, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ láti wo bátìrì, tí wọ́n á wá rí ojúlówó àwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò wọ́n lójú.

Torí náà, ibi tí oòrùn ò dé ni kí ẹ wá lọ. Ẹ tú báàjì ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí máṣíìnì yẹn bá ní rọ́bà tí orúnkún máa ń fara tì lára táǹkì, ẹ wo abẹ́ òun náà. Ẹ gbé síìtì sókè, ẹ wo ìdí táǹkì níbi tó ti wọ abẹ́ síìtì. Ẹ wo ẹ̀yìn ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi etí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo ṣe ẹ̀rí o. Bẹntiróòlù ti ń kán sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún yìí wá, ó ti yí ọ̀dà ibẹ̀ padà.

Ọṣẹ, omi àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi tíńnà nu ọ̀dà àtijọ́ lè rí i kí gbogbo rẹ̀ bá àkísà lọ. Lẹ́yìn tó bá mọ́, ẹ bu omi díẹ̀ lé ibi tó ti ṣá lórí, kí ẹ sì wò ó kí omi tó gbẹ. Ọ̀dà tí ojú rẹ̀ ti di bí ẹfun á jinlẹ̀ padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó sì rí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ fìrí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun kejì: ẹ mú kọ̀ǹpáùǹdì díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dán, ẹ fi aṣọ funfun rọra fi ra ibì kan tí kò hàn síta. Bí àwọ̀ bá bá aṣọ yẹn jáde, á jẹ́ pé àwọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló wà lókè, kò ní kílíà lórí, tàbí kí kílíà ti jẹ tán. Bí aṣọ yẹn bá jẹ́ funfun bó ṣe wà, á jẹ́ pé kílíà ṣì wà níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì dúró ní kété tí ẹ bá ti rí èsì.

Àbí ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ọ̀dà àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ ń wò? Máṣíìnì tó ti ṣiṣẹ́ nílùú wa fún ogún ọdún, ó ṣòro kí ẹnì kan má ti fín in rí. Ẹ wo ara wáyà àti rọ́bà, bóyá ọ̀dà ta sí wọn. Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì. Bí ó bá sì kọ́ yín lójú, ẹ wá ibì kan ní abẹ́ táǹkì, ibi tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ, ẹ fi sáńpépà 1500 àti omi rọra fi ra á yípo. Ọ̀dà á máa ṣí ní òrùka-òrùka bí ẹ̀yìn àlùbọ́sà: kílíà lókè, àwọ̀, ìpìlẹ̀, púráímà, irin. Bí ẹ bá rí pupa, tí ẹ rí púráímà, tí ẹ tún wá rí búlúù lábẹ́ rẹ̀, ẹ kú oríire, Dádì ra máṣíìnì búlúù.

Fóònù yín wúlò níbí yìí gan-an. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ etí ibi tó ti ṣí, kí ẹ fà á tóbi, ẹ ó ka ìpele ọ̀dà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí ẹ fi mọ síbẹ̀, torí ohun tí fóònù ń ṣe fún àwọ̀, a máa sọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ wò ó, bí ẹ bá tilẹ̀ ti rí àwọ̀ náà, ẹ ò tíì lè pè é lórúkọ. Ní èdè tiwa, abẹ́ òrùlé mẹ́ta ni àwọn baba ńlá wa kó àwọ̀ sí: funfun, pupa, dúdú. Epo pupa ni, ọsàn tó pọ́n pupa ni, èèyàn wà tó pupa, ilẹ̀ Ìbàdàn pupa. Ó tó wa lò, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún pẹ́ńtà pé "pupa ni mo fẹ́," ẹ ti fún un láṣẹ pé kí ó lo èyí tó ṣẹ́ kù nínú agolo rẹ̀. Ìwé máṣíìnì tí wọ́n ń pè ní pẹtikúlà á kọ àwọ̀ sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ló máa kọ. Ó lè bá yín mọ̀ bóyá pupa ni tàbí búlúù. Ó tán.

Fọ́tò àtijọ́ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Fọ́tò aláwọ̀ ti ọdún 1970 sókè, òun náà ní aró nínú, aró yẹn sì máa ń ṣá. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó ń mú búlúù àti àwọ̀ ewé jáde ló kọ́kọ́ ń lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí wa fi dà bí ẹni pé inú epo pupa ni wọ́n ti yà á. Ohun tí fọ́tò lè sọ fún yín dáadáa ni ibi tí ìlà gbà, ibi tí àwọ̀ kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, àti irú báàjì tó wà lára táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìdílé Honda CB ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ní ọdún 1968 ni Honda gbé CB750 síta níbi àfihàn ọkọ̀ ní Tokyo, ó sì bọ́ sọ́jà ní 1969. Ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin, bíréèkì aláwo níwájú. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọ̀ mẹ́ta ni èyí tó kọ́kọ́ jáde wọlé pẹ̀lú: Candy Ruby Red, Candy Blue Green àti Candy Gold. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Candy. Súìtì. Ẹ rántí súìtì pupa tí ẹ máa ń gbé sókè sójú oòrùn nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ kí ẹ tó jù ú sẹ́nu. Ohun tí ọ̀dà yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀dà tí a mọ̀, ńṣe ló máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Candy kì í bo nǹkan kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fín ìpìlẹ̀ tó rí bíi fàdákà, tí ègé alumíníọ̀mù wínníwínní wà nínú rẹ̀. Lórí ìyẹn ni wọ́n á fín àwọ̀ tí ojú lè là kọjá. Lẹ́yìn náà, kílíà. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọ̀ wọlé, á kan fàdákà, á sì tún gba inú àwọ̀ jáde sí ojú yín. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bí ẹni pé iná ń jó nínú táǹkì yẹn.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta ti mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ni. Ìkòkò aró kan náà ni. Bí wọ́n bá ri aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á mú àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n á tún rì í. Á jinlẹ̀ sí i. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún rì í, títí á fi dú. Wọn ò yí aró padà. Iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò ló mú àwọ̀ wá. Candy náà nìyẹn! Agolo ọ̀dà kan náà, bí pẹ́ńtà bá fín in lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí pupa tó mọ́lẹ̀ tó ń lọ sí píńkì. Bó bá fín in lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ó rí pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ní kóòdù àwọ̀ Honda yín lọ́wọ́, ó dáa, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n orúkọ ìkòkò ló fún yín. Kò tíì sọ iye ìgbà tí ẹ ó rì í.

Ìpìlẹ̀ náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi wúrà dípò fàdákà sábẹ́ pupa kan náà, pupa yẹn á gbóná, á fẹ́ máa jọ bàbà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi kámẹ́rà wo etí ibi tí ọ̀dà ti ṣí nìyẹn. Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àwọ̀. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà wa ló mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fín lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé Candy lọ bá wọn, wọ́n lè fi ọ̀dà pupa oní-dídán kan ṣoṣo ṣe é, kí wọ́n sì fi kílíà lé e. Ní ọ̀ọ́kán, ó jọra. Ẹ sún mọ́ ọn, kò sí iná nínú rẹ̀.

Aró yìí tún máa ń ṣá ju ọ̀dà tó ń bo nǹkan lọ, torí pé ó fẹ́lẹ́, oòrùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí aró bá ti ń ṣá, fàdákà á máa yọ jáde. Pupa tí Màámi rántí ṣeé ṣe kó jinlẹ̀ gan-an ju èyí tí ẹ rí báyìí lọ.

Ó dáa, báwo la ṣe ń rí iye ìgbà náà? Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ẹ dán an wò. Ẹ wá ìdérí agolo mílíìkì ńlá bíi mẹ́rin tàbí pépéle irin pẹlẹbẹ. Kí pẹ́ńtà fi púráímà tó fẹ́ lò kùn ún, kí ó fín ìpìlẹ̀ sí i bí yóò ṣe fín in sí táǹkì gan-an. Lẹ́yìn náà, kí ó fi téèpù bo ojú rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bó bá fín àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣí ìlà kan. Bó bá fín in lẹ́ẹ̀kejì, kí ó ṣí ìkejì. Títí tó fi máa pé márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ìlà tó kọ́kọ́ ṣí ló máa ṣókùnkùn jù, torí òun ni gbogbo rẹ̀ bà lé. Kí ó wá fi kílíà bo gbogbo rẹ̀, torí kílíà máa ń mú àwọ̀ jinlẹ̀ sí i, ẹ ò sì lè fi ọ̀dà tí kò ní kílíà wé èyí tó ní. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi kálàmù kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Níbo la ti máa wò ó? Ní ìta. Ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú jù. Lẹ́yìn náà lábẹ́ ibòji igi. Lẹ́yìn náà nínú ilé, lábẹ́ gílóòbù. Ọ̀dà méjì lè jọra bí ìbejì ní oòrùn, kí wọ́n wá di àjèjì síra wọn lábẹ́ iná LED, torí pé ohun tí wọ́n fi pò wọ́n yàtọ̀. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ hàn yín ní ilé ìtajà lábẹ́ iná nìkan, kí ẹ sì sanwó. Ẹ gbé e jáde. Ẹ gbé irin ìdánwò yẹn sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́ báàjì tí ẹ tú, kí ẹ gbé méjèèjì sí ipò kan náà, torí ọ̀dà tó ní ègé alumíníọ̀mù máa ń yí padà bí ẹ bá ti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Wàyí o, fóònù. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí èyí. Gbogbo wa la ti ya fọ́tò táǹkì rí, tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp pé "irú àwọ̀ yìí ni mo fẹ́." Kámẹ́rà fóònù ò ya ohun tó rí bó ṣe rí i. Ó ń ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀. Bí ògiri ẹ̀yìn bá pọ́n, ó lè rò pé iná ló pọ́n, á sì fi búlúù kún un. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, á tàn án. Ojú fóònù tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ, ìmọ́lẹ̀ sì ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, èyí tó bà lé e ló ń dá padà. Áàpù tí wọ́n ní ó lè sọ kóòdù àwọ̀ tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sí i, ẹ fi ṣeré. Ẹ má fi ra ọ̀dà.

Ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ní iná tirẹ̀ nínú, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e lé ara ọ̀dà gan-an, kò sì sí oòrùn tàbí ibòji tó lè dà á láàmú. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà po ọ̀dà ọkọ̀ máa ń ní in. Fún àwọ̀ lásán, bíi dúdú tàbí àwọ̀ ewé tí kò ní dídán, ó máa ń ṣe é dáadáa. Ẹ gbé ìdérí ẹ̀gbẹ́ lọ kí wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ọ̀dà oní-dídán, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ wọn ń wò ó láti igun mélòó kan tàbí igun kan ṣoṣo. Fún Candy, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ìpele mẹ́ta ni Candy, àpapọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ rí. Ojú yín àti irin ìdánwò yẹn ló máa parí ẹjọ́.

Nígbà tó bá kan fífín gan-an, mo ní ohun kan tí mi ò ní gbà kí pẹ́ńtà bá mi jiyàn lé lórí. Táǹkì àti ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà lọ́jọ́ kan náà, láti inú agolo kan náà, lọ́wọ́ ẹni kan náà. Bó bá jẹ́ CB750 ti 1969, ẹ fi ilé iná iwájú àti etí méjèèjì tó gbé e dúró kún un, torí àwọ̀ ara ni wọ́n fi kùn wọ́n nígbà yẹn. Ẹ gbé gbogbo wọn kọ́ pa pọ̀. Bí ó bá fín táǹkì lónìí, tó fín ìdérí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó gbàgbé pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun fín in, gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa mọ̀. Bí kò bá sì mọ ohun tó ń ṣe é, á ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Candy nìkan kọ́ ló ń fìyà jẹ èèyàn o. Ẹ jẹ́ ká rìn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Nígbà tí Triumph gbé Bonneville T120 àkọ́kọ́ jáde fún ọdún 1959, àwọ̀ méjì ni wọ́n fi kùn ún: Pearl Grey àti Tangerine, eérú tó mọ́ àti àwọ̀ ọsàn. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ràn ẹ̀, kò sì pẹ́ tí Triumph fi Royal Blue rọ́pò àwọ̀ ọsàn yẹn. Lónìí, èyí tí wọ́n kọ̀ nígbà náà gan-an ni àwọn tó ń tún Triumph ṣe ń wá kiri. Nígbà tó jẹ́ pé àkókò díẹ̀ ni wọ́n fi lò ó, táǹkì tí ẹnikẹ́ni ò fín rí, tí a lè fi ṣe ẹ̀rí, ò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọ̀ ọsàn wà lára àwọn àwọ̀ tó máa ń ṣá, tó sì ṣòro láti dá padà.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ọsàn. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀dà tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ló ní òjé nínú. Òjé yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì bo nǹkan dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti pa á tì, torí májèlé ni. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lè sún mọ́ ọn, àmọ́ nígbà míì ẹ ó ní láti fín in ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ fi ìpìlẹ̀ funfun sábẹ́ rẹ̀, kó tó jọra.

Májèlé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ má họ ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ o, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé wà. Eruku rẹ̀ kì í lọ ní kíákíá, àwọn ọmọ á fọwọ́ kàn án, wọ́n á fọwọ́ sẹ́nu. Omi ni kí ẹ fi rẹ sáńpépà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ ká a pẹ̀lú ẹ̀gbin rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ̀kejì, kílíà ìgbàlódé tí wọ́n máa ń po pẹ̀lú hádínà, èéfín rẹ̀ lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní in rí. Ìbòmú aṣọ tí a lò nígbà Kòrónà ò lè dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fín in nílò ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn. Bí pẹ́ńtà yín bá so áńkáṣíìfù mọ́mú, kì í ṣe akin, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló fi ń sanwó. Nítorí èyí ni mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má ṣe é nínú ọgbà ilé yín. Ẹ sanwó fún ẹni tó ní ibi iṣẹ́ tó yẹ.

Àwọn kan nínú yín á máa bi ara wọn pé, ṣé dandan ni ká tún un kùn? Bó bá jẹ́ tèmi, tí ìpẹta ò bá tíì jẹ irin, tí ọ̀dà àkọ́kọ́ sì ṣì di ibi tó pọ̀ mú, èmi á fọ̀ ọ́, máa fi wáàsì rọra nù ún, máa tọ́jú ibi tó ti hó kí ìpẹta má wọlé, máa sì gùn ún bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ṣá lórí táǹkì, orúnkún ẹnì kan ló jẹ ẹ́, ọjọ́ tí ẹni yẹn fi gùn ún ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan fẹ́ kó máa dán kí ẹ lè gbé e lọ síbi ayẹyẹ, ìyẹn náà dáa, owó yín ni. Àmọ́ táǹkì tó ń dán ju bí Honda fúnra wọn ṣe ṣe é lọ kì í jọ mí lójú.

Bí ẹ bá sì ti pinnu pé ẹ máa kùn ún, ẹ bá mi sọ fún pẹ́ńtà pé kó fi téèpù bo abẹ́ báàjì ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má họ ọ́, kí ó má fín in. Ibi tó tó àtàńpàkò ti tó. Báàjì á bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Bí ọmọ yín bá wá fẹ́ tún máṣíìnì yẹn ṣe ní ogójì ọdún sí i, tó fi sukudiráfà tú báàjì yẹn, á bá pupa Dádì níbẹ̀.

Ẹ fi fọ́tò ohun tí ẹ bá rí lábẹ́ báàjì ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe máṣíìnì náà sí i. Mo mọ̀, mo mọ̀, mo ti ní fọ́tò ń parọ́. Ẹ ṣáà fi ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kóróòmù ló kàn. Ó dìgbà ná o.